Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fífi Irinṣẹ́ Orí Ayélujára Kọ́ Kọ́ọ̀dù Gìtá

Ẹni tó ní gìtá lọ́wọ́, tó ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nítòsí, ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ni mo kọ èyí fún. Mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́ gìtá máa ń béèrè jọ, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn nígbà tí gìtá bá wà lórí itan. Àwọn ìdáhùn kan gùn ju àwọn mìíràn lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀.

Kí ni kọ́ọ̀dù gan-an?

Kọ́ọ̀dù ni ohùn orin mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń dún pọ̀. Ohùn 12 ló wà nínú orin kí a tó padà bá èyí tí a ti bẹ̀rẹ̀, ìṣísẹ̀ kan láti ohùn kan sí èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ fírẹ́ẹ̀tì kan lórí gìtá. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni a ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Kọ́ọ̀dù méjọ̀ ní ohùn ìpìlẹ̀, ó ní èyí tó fi ìṣísẹ̀ 4 ga ju ìpìlẹ̀ lọ, ó sì ní èyí tó fi ìṣísẹ̀ 7 ga jù ú lọ. Bí a bá sọ ohùn àárín yẹn kalẹ̀ láti 4 sí 3, kọ́ọ̀dù náà ti di máínọ̀, inú orin tó ń dán tẹ́lẹ̀ yóò sì rọ̀. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn. Kò yẹ kó ya ẹni tó ń sọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé etí wa ti mọ̀ láti kékeré pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Kọ́ọ̀dù C, tó jẹ́ méjọ̀, ni àwọn ohùn tí a ń pè ní C, E àti G. Kọ́ọ̀dù A máínọ̀, tí a ń kọ ní Am, ni A, C àti E. Ẹ kíyè sí i pé méjì nínú ohùn mẹ́ta wọn bára mu. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn irinṣẹ́ tó ń gbọ́ orin tí wọ́n sì ń sọ kọ́ọ̀dù rẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò láti fi bẹ̀rẹ̀?

Mẹ́ta péré: túnà tí yóò bá yín to ohùn àwọn okùn, ibi tí ẹ ti lè wo àwòrán kọ́ọ̀dù, àti mẹ́trónóòmù tí yóò máa ká ìlù fún yín. Àwọn ìkànnì tó ní ọ̀rọ̀ orin àti kọ́ọ̀dù, àwọn fídíò ẹ̀kọ́ àti àwọn áàpù tó ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ta gìtá wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo ti rí ẹni tó kó áàpù mẹ́jọ sórí fóònù ní ọjọ́ kan, tó sì fi gbogbo àkókò ìdánrawò rẹ̀ wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gìtá rẹ̀ sì wà nínú àpò.

Ṣé dandan ni kí n to ohùn gìtá kí n tó kọ́ kọ́ọ̀dù?

Dandan ni, lójoojúmọ́, kí ẹ tó fi ìka kan okùn. Bí ẹ bá fi ìka síbi tó yẹ lórí gìtá tí ohùn rẹ̀ kò tò, ohun tí ẹ máa gbọ́ kò ní jẹ́ kọ́ọ̀dù náà. Èyí tó burú jù ni pé etí yín á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àṣìṣe náà gẹ́gẹ́ bí òótọ́.

Láti okùn tó nípọn jù dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni E, A, D, G, B àti E. Okùn 6, tó nípọn jù, máa ń gbọ̀n ní ìgbà 82.41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; A jẹ́ 110, D jẹ́ 146.83, G jẹ́ 196, B jẹ́ 246.94, E òkè sì jẹ́ 329.63. Nọ́ḿbà wọ̀nyí ni túnà ń wá nígbà tó bá ń gbọ́ okùn yín. Gbogbo wọn ló sì dúró lórí ìwọ̀n kan tí àgbáyé fohùn ṣọ̀kan lé lórí, èyí tó sọ pé A tó wà lókè C àárín dùùrù gbọ́dọ̀ jẹ́ 440.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ 440. Nígbà tí mo ń kọ́ gìtá, mo ṣèèṣì fọwọ́ kan ètò túnà tó wà lórí fóònù mi, ìwọ̀n náà sì bọ́ sí 432 láìjẹ́ pé mo mọ̀. Gìtá mi dún dáadáa nígbà tí mo bá ń ta á nìkan, nítorí pé àwọn okùn bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí fídíò ẹ̀kọ́ kan kí n lè bá olùkọ́ ta á pọ̀, ohun gbogbo á kan bí ọtí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta ìṣísẹ̀ kan tí mo fi wà nísàlẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ni kò dára. Nítorí náà, bí ohùn yín kò bá bá ti fídíò kankan mu, ẹ kọ́kọ́ wo ètò túnà yín kí ẹ tó dá ìka yín lẹ́bi.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn túnà kan kàn ń sọ ohùn tó sún mọ́ okùn jù ni, wọn kò sì mọ okùn tí ẹ ní lọ́kàn. Bí okùn 6 bá ti dẹ̀ gan-an, túnà lè tan iná àwọ̀ ewé pé ó ti tò, kó sì jẹ́ D ló tò sí. Ẹ máa ka lẹ́tà tó wà lójú rẹ̀, ẹ má wo iná nìkan. Ẹ máa fa okùn láti ìsàlẹ̀ wá sókè dé ohùn tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún fà á bọ̀. Okùn tí a dẹ̀ sí ohùn máa ń rọra yọ sílẹ̀ sí i nígbà tí a bá ń ta gìtá. Bí ẹ bá sì ti ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ẹ padà sí àkọ́kọ́, nítorí pé fífa okùn kan máa ń mú kí ọrùn gìtá tẹ̀ díẹ̀, tí àwọn yòókù á sì ṣí kúrò ní àyè wọn.

Báwo ni mo ṣe máa ka àwòrán kọ́ọ̀dù?

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ gbé gìtá nàró síwájú yín, tí ẹ sì ń wo ọrùn rẹ̀. Ìlà mẹ́fà tó wà lóòró ni okùn mẹ́fà, okùn tó nípọn jù ló sì wà lápá òsì. Àwọn ìlà tó dábùú ni fírẹ́ẹ̀tì. Bí ìlà òkè pátápátá bá nípọn, ó túmọ̀ sí pé orí ọrùn gìtá gan-an ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá nípọn, tí ẹ sì rí nọ́ḿbà bíi 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fírẹ́ẹ̀tì 5 ló ti bẹ̀rẹ̀. Àmì X lókè okùn sọ pé ẹ má ta okùn yẹn. Àmì O sọ pé ẹ ta á láìfi ìka tẹ̀ ẹ́. Àwọn nọ́ḿbà tó wà nínú àmì róbótó ni ìka ọwọ́ tó ń tẹ okùn: 1 ni ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, 2 ni ìka àárín, 3 ni ìka òrùka, 4 sì ni ìka tó kéré jù. Àwọn ìkànnì kan máa ń dá àwòrán náà dùbúlẹ̀, nítorí náà ẹ wá okùn tó nípọn kí ẹ tó gbé ìka.

Àwọn ìkànnì tún máa ń kọ kọ́ọ̀dù ní ìlà kan, láti okùn 6 dé okùn 1. C á wá di x32010. Pàkúté kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ rí. Nínú kíkọ yìí, nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan dúró fún fírẹ́ẹ̀tì. Nínú àwòrán, nọ́ḿbà dúró fún ìka. Ó ṣe kòńgẹ́ pé nínú C, ìka 3 ló ń tẹ fírẹ́ẹ̀tì 3, ìka 2 ń tẹ fírẹ́ẹ̀tì 2, ìka 1 sì ń tẹ fírẹ́ẹ̀tì 1. Kọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn, wọ́n á sì lọ pẹ̀lú èrò pé ohun kan náà ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá wá dé D, tó jẹ́ xx0232, wọ́n á máa wá bí ìka 2 ṣe lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìka 1 ló ń tẹ okùn 3 ní fírẹ́ẹ̀tì 2, ìka 3 ń tẹ okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 3, ìka 2 sì ń tẹ okùn 1 ní fírẹ́ẹ̀tì 2.

Kọ́ọ̀dù wo ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

Em, tó jẹ́ 022000, ló rọrùn jù, ìka méjì péré ló gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mú Am (x02210), C, G (320003) àti D. Pẹ̀lú márùn-ún yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ti wà ní ìkáwọ́ yín. Ìwé atúmọ̀ kọ́ọ̀dù orí ayélujára lè fi oríṣi G mẹ́wàá hàn yín lórí gbogbo ọrùn gìtá; ẹ mú ọ̀kan, èyí tó súnmọ́ orí gìtá, kí ẹ sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Mo tẹ̀ lé àwòrán pérépéré, síbẹ̀ kọ́ọ̀dù mi kò dún. Kí ló fà á?

Àwòrán fi ibi tí ìka á wà hàn yín, kò lè fi bí ìka ṣe máa dúró hàn. Ẹ jẹ́ ká wo C kínníkínní. Ẹ fi ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbi tó yẹ, kí ẹ má ta gbogbo okùn pọ̀. Ẹ ta okùn 5 nìkan, kí ẹ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà okùn 4, okùn 3, okùn 2 àti okùn 1. Ó ṣeé ṣe kí okùn 3 kú, kó kàn dún bí ìgbà tí a kan pákó. Ìka àárín tó wà lórí okùn 4 ló fi ẹran ìdí rẹ̀ rọra fara kan okùn 3 tó yẹ kó ṣí sílẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí okùn 1 kú, nítorí pé ìka tó ń tẹ okùn 2 ti dùbúlẹ̀. Ẹ gbé ọrùn ọwọ́ síwájú díẹ̀ kí àwọn ìka lè ro wá láti òkè, kí orí ìka gan-an lè kan okùn. Èékánná ọwọ́ òsì tó gùn kò ní gbà fún yín láti ṣe èyí, ẹ gé e.

Bí okùn bá ń hó dípò kó kú, ìka yín ti jìnnà sí fírẹ́ẹ̀tì. Ibi tó yẹ kí ìka wà ni ẹ̀yìn irin náà gan-an, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kì í ṣe àárín àlàfo. Agbára tí ẹ nílò níbẹ̀ kéré gan-an sí èyí tí ẹ ń lò bí ìka bá wà lẹ́yìn pátápátá.

Fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ níbí ju bí áàpù kankan ṣe lè ṣe lọ. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí gìtá, kí kámẹ́rà rẹ̀ máa wo ọwọ́ òsì yín láti iwájú, kí ẹ sì ya fídíò ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ẹ kò rí láti òkè, nígbà tí ẹ tẹrí ba wo ọwọ́ ara yín, á hàn kedere.

Mo mọ kọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mi ò lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìdúró.

Àwọn irinṣẹ́ ló dá apá kan nínú ìṣòro yìí sílẹ̀, nítorí pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi kọ́ọ̀dù hàn, bí ẹni pé kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń dá gbé ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orin, ọ̀nà tó wà láàárín kọ́ọ̀dù méjì ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbé àwòrán Am àti ti C sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìka 1 wà lórí okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 1 nínú méjèèjì. Ìka 2 wà lórí okùn 4 ní fírẹ́ẹ̀tì 2 nínú méjèèjì. Ìka òrùka nìkan ló ń kúrò lórí okùn 3 lọ sórí okùn 5. Ẹni tó bá ń gbé gbogbo ọwọ́ sókè láti Am lọ sí C ń fi agbára ṣòfò. Bákan náà, E (022100) àti Am jẹ́ ìrísí kan náà tí a sún ní okùn kan. Ẹ máa ṣe irú àfiwé yìí fún gbogbo kọ́ọ̀dù méjì tó bá tẹ̀ léra nínú orin tí ẹ ń kọ́, kí ẹ sì bi ara yín pé: ìka wo ni kò ní láti kúrò?

Lẹ́yìn náà ni mẹ́trónóòmù á wá ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e sí 60, ìyẹn ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ta kọ́ọ̀dù kan ní ìlù àkọ́kọ́, kí ẹ sì lo ìlù mẹ́ta tó kù láti fi múra fún èyí tó kàn. Ìpààrọ̀ 15 ni ẹ máa ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá mọ́ láìsí okùn tó kú, ẹ fi 5 kún ìwọ̀n náà. Justin Sandercoe, ọmọ Ọsirélíà tó ni ìkànnì JustinGuitar, gbajúmọ̀ fún ìdánrawò kan tó dára gan-an: ẹ ṣètò aago fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ pààrọ̀ láàárín kọ́ọ̀dù méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí nọ́ḿbà tí ẹ kọ sílẹ̀ kì í parọ́. Ẹ lè rò pé ẹ kò tẹ̀ síwájú rárá, àmọ́ ìwé á fi hàn pé 12 ni ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé ẹ ti ń ṣe 21 báyìí.

Ìkìlọ̀ kan: bí ẹ bá ń fi gbohùngbohùn etí tí kò ní wáyà gbọ́ mẹ́trónóòmù, ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí. Bí áàpù bá wá ń sọ pé ẹ pẹ́, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi yín. Ẹ lo èyí tó ní wáyà.

Ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé irinṣẹ́ tó ń gbọ́ orin tó sì ń sọ kọ́ọ̀dù rẹ̀ fúnra rẹ̀?

Ẹ lò ó bí àkọ́kọ́ àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣì máa yẹ̀ wò. Chordify, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú irú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n á gé orin sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wọn bí agbára ohùn 12 ṣe pọ̀ tó nínú ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì wá kọ́ọ̀dù tí ohùn rẹ̀ bá ìwọ̀n náà mu jù. Wọ́n yára, wọ́n sì wúlò gidigidi fún orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ kọ́ọ̀dù rẹ̀ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí C àti Am. Nígbà tí méjì nínú ohùn mẹ́ta bá bára mu, tí olórin sì ń kọrin lórí ohùn A nígbà tí gìtá ń ta C, irinṣẹ́ náà lè kọ Am. Bí a bá fi G kún Am, a ó rí Am7, tó ní A, C, E àti G. C tó ní A nínú, tí a ń pè ní C6, ní ohùn mẹ́rin yẹn gan-an. Gìtá ohùn ìsàlẹ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ fi etí wá ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú orin náà, ẹ fi ẹnu kọ ọ́, kí ẹ sì wá a lórí okùn 6 tàbí 5. Bí ohùn yẹn bá jẹ́ A, Am ni ẹ kọ́kọ́ dán wò; bí ó bá jẹ́ C, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C.

Àwọn irinṣẹ́ yìí tún máa ń ṣàṣìṣe nígbà tí ìlù bá pọ̀, nígbà tí wọ́n bá gba ohùn orin sílẹ̀ láìbá ìwọ̀n 440 mu, àti nígbà tí kọ́ọ̀dù bá ń yí kíákíá. Bí ẹ bá rí kọ́ọ̀dù kan tó yọ fún ìdajì ìlù tó sì tún pòórá, ó ṣeé ṣe kó má sí nínú orin rárá.

Kí ló dé tí ìkànnì méjì fi kọ kọ́ọ̀dù tó yàtọ̀ fún orin kan náà?

Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ṣàṣìṣe, nítorí pé lórí ìkànnì bíi Ultimate Guitar, tó ti wà láti ọdún 1998, àwọn olùmúlò fúnra wọn ló ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀. Ẹ máa wo iye ìràwọ̀ àti iye ènìyàn tó fún un ní ìràwọ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Kápò ló fa ìyàtọ̀ náà, ìyẹn ìdè kékeré tí a ń fi mú gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá. Ká ní orin kan wà ní A, tó ń lo A, D àti E. Ẹlòmíràn á fi kápò sí fírẹ́ẹ̀tì 2, á sì ta ìrísí G, C àti D. Ohùn tó máa jáde kò yàtọ̀. Ẹ máa wo òkè ojú ìwé fún ọ̀rọ̀ nípa kápò kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Bọ́tìnì tó ń gbé gbogbo kọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀ wà lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, ẹ sì lè fi sá fún kọ́ọ̀dù tó le. Bí orin bá ń lo F, B♭ (ìyẹn èyí tó fi ìṣísẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ B) àti C, ẹ gbé e sísàlẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 3, á di D, G àti A, tó rọrùn jù wọ́n lọ. Ẹ wá fi kápò sí fírẹ́ẹ̀tì 3, ẹ ti padà sí ohùn tí olórin fi kọ ọ́ nìyẹn.

Kọ́ọ̀dù F fẹ́ lé mi kúrò nídìí gìtá. Ṣé irinṣẹ́ kan wà fún un?

F tó péye, 133211, ní kí ìka kan tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ fírẹ́ẹ̀tì 1, kí ìka mẹ́ta yòókù sì tún máa ṣiṣẹ́ tiwọn. Kò sí ohun orí ayélujára tó lè fún ìka ní agbára yẹn. Oṣù ló ń gbà. Ohun tí ìwé atúmọ̀ kọ́ọ̀dù lè ṣe ni pé kó fi àwọn oríṣi kékeré hàn yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xx3211, tó jẹ́ F gidi lórí okùn mẹ́rin. Bí ìyẹn pàápàá bá le, xx3210 wà, tó ń jẹ́ Fmaj7, tó sì máa ń dùn nínú ọ̀pọ̀ orin pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ dán èyí tó péye wò, ẹ gbé e lọ sí fírẹ́ẹ̀tì 5, níbi tí ìrísí kan náà á ti jẹ́ A tí okùn á sì rọ̀, kí ẹ wá máa fi fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sún un padà.

Olùkọ́ inú fídíò yára jù fún mi.

Ẹ dín ìyára rẹ̀ kù. YouTube gba kí fídíò lọ sílẹ̀ dé 0.25, ohùn rẹ̀ kò sì ní lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà gìtá yín á ṣì bá a mu. Mo dámọ̀ràn 0.75, bí ó bá ti dé 0.5, ohùn gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó sì ṣòro láti gbọ́ okùn tó kú. Ẹ tún máa rántí pé olùkọ́ tó kọjú sí yín dà bí ẹni tó wà nínú dígí tí a yí padà: ọrùn gìtá rẹ̀ lè wà lápá ọ̀tún lójú yín nígbà tí tiyín wà lápá òsì.

Áàpù tó ń gbọ́ mi sọ pé mo ta á dáadáa. Ṣé mo lè gbà á gbọ́?

Lápá kan. Áàpù bíi Yousician ń gbọ́ bóyá àwọn ohùn tó ń retí wà níbẹ̀, àti bóyá wọ́n dé lásìkò. Kò rí ọwọ́ yín. Nínú C, E wà lórí okùn 4 àti lórí okùn 1. Bí okùn 1 bá kú, E ṣì ń dún láti okùn 4, áàpù sì lè gbà á fún yín. Ẹ jẹ́ kó máa mú yín dúró lórí ìlù, ó mọ ìyẹn ṣe. Ọ̀rọ̀ bóyá okùn kọ̀ọ̀kan mọ́, etí yín ni kó máa dá a, nípa títa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ti wí.

Ṣé mo lè béèrè kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹ̀rọ ọ̀rọ̀sísọ onílàákàyè?

Ẹ lè béèrè, ó sì máa ń ṣàlàyé ohun tí kọ́ọ̀dù jẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fún yín ní ibi tí ìka á wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ mú D, xx0232: okùn 4 tó ṣí jẹ́ D, okùn 3 jẹ́ G, fírẹ́ẹ̀tì 2 gbé e dé A, okùn 2 jẹ́ B, fírẹ́ẹ̀tì 3 gbé e dé D, okùn 1 jẹ́ E, fírẹ́ẹ̀tì 2 gbé e dé F#, ìyẹn ohùn tó fi ìṣísẹ̀ kan ga ju F lọ. D, F# àti A ni kọ́ọ̀dù D, ó pé. Bí ẹ bá ka ìdáhùn kan báyìí tí ohùn tí kò sí nínú kọ́ọ̀dù náà bá yọjú, ìdáhùn náà kò tọ̀nà.

Ṣé ó yẹ kí n sanwó?

Kò tíì yẹ. Túnà, mẹ́trónóòmù, àwòrán kọ́ọ̀dù àti ẹ̀kọ́ fídíò tó dára wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tó yín lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ẹ bá fẹ́ dán áàpù olówó wò, ẹ fi ọjọ́ tí àkókò ọ̀fẹ́ rẹ̀ máa parí sínú kàlẹ́ńdà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yọ owó fúnra wọn lọ́jọ́ náà.

Ọwọ́ òsì ni mo ń lò. Ǹjẹ́ àwọn àwòrán náà wúlò fún mi?

Wọ́n wúlò. Ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ kọ́ọ̀dù ní ètò tó ń yí àwòrán padà fún ọlọ́wọ́ òsì. Kíkọ oní-ìlà-kan bíi x32010 kò yí padà rárá, nítorí pé láti okùn tó nípọn dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń kà á, ọwọ́ yòówù kí ẹ lò.

Ìgbà wo ni kí n pa irinṣẹ́ tì?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́. Ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ dunjú, tó ń lo G, C àti D nìkan. Ẹ da ojú fóònù délẹ̀. Ẹ ta G kí ẹ sì máa kọ orin náà, títí tí etí yín á fi sọ pé G kò bá ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu yín mu mọ́. Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹ dán C wò, bí kò bá jẹ́ òun, ẹ dán D wò. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà tí ẹ rí sórí ọ̀rọ̀ orin náà. Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán láti òkè dé ilẹ̀ ni kí ẹ tó ṣí ìkànnì, kí ẹ sì fi ti ibẹ̀ wé tiyín. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ẹ ta á ní ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó pa tiyín rẹ́.